Díìsìkì Méjì, Mẹ́mórì Kan

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́, nígbà tó ku ọjọ́ kan àbọ̀ kí dókítà yọ gògóńgò Bàbá.

Ilé ìtẹ̀wé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wà. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí pé òun ló máa ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àṣìṣe tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fo ojú rẹ̀ dá. Àmì ohùn tó sọnù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ fò, gbogbo rẹ̀ ni yóò fi bírò pupa yí po. Àwọn òǹkọ̀wé ń sá fún un. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pàápàá, bó bá fẹ́ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí i pé kó wá, yóò kọ́kọ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn nínú gan-an ni.

Fóònù rẹ̀ dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ń kà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ló kọ̀wé sí i: "A ti gba ohùn bàbá yín. Nínú ẹgbẹ̀rún gbólóhùn tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì péré ló mọ́. Ìyókù ti bàjẹ́. A kò lè ṣe ohùn tí gbólóhùn rẹ̀ kò bá pé ẹgbẹ̀ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi àwọn tó mọ́ ránṣẹ́."

Bírò pupa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ìwé náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá àṣìṣe nínú rẹ̀, bóyá oníwèé ṣì í kọ ni. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ohùn Bàbá yìí kì í ṣe ohùn lásán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ olùkéde ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Òun ló ń sọ fún gbogbo ìlú pé ọkọ̀ báyìí ti dé, pé ọkọ̀ báyìí yóò pẹ́ díẹ̀, pé pèpéle kẹta ni kí èrò ti wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ lọ, yóò fà á jẹ́jẹ́ pé: "Ẹni tó bá fẹ́ dágbére, kó dágbére báyìí o. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra." Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di alágbà, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dá a dúró lójú títì pé kó bá àwọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Yóò ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, yóò tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, yóò wá sọ ọ́.

Nínú ilé náà, olùkéde ni. Bí ọmọ bá fi ẹkún sáré wá bá a, tó ń rojọ́, tó ń fa imú, Bàbá kì í rọ̀ ọ́, kì í sì í bá a wí. "Pèpéle kelòó?" ni yóò bi í. Ìyẹn ni pé kó fi ẹkún sílẹ̀, kó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó ní èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ kò nílò "ẹ má bínú" òun, nọ́ńbà pèpéle ló ń wá. Nígbà tí òun bá ṣi ìkéde ṣe, òun kì í tọrọ àforíjì lórí ẹ̀rọ, òun yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí dókítà wá sọ pé jẹjẹrẹ ti wọ gògóńgò, pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àwọn gbọ́dọ̀ yọ ọ́, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ohùn ló sọ fún wọn nípa ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Bí Bàbá bá lè ka gbólóhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó dé, àwọn kan wà tí yóò fi ohùn náà ṣe ẹ̀rọ. Ohun tí Bàbá bá tẹ̀ sínú rẹ̀, ohùn Bàbá gan-an ni ẹ̀rọ náà yóò fi sọ ọ́. Ẹgbẹ̀ta gbólóhùn ló kéré jù. Bàbá ní òun á ka ẹgbẹ̀rún, torí òun ò fẹ́ ohùn tó rù.

Ojú-Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi ìtọ́jú ohùn náà sílẹ̀ fún òun. Ìyá wọn ti kú láti ọdún mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ní báyìí, bí ó bá fẹ́ rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó ní láti jókòó, kó di ojú, kó máa wá a kiri. Ó búra pé ti Bàbá kò ní rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ó ra àpótí ìpamọ́ kan, irú èyí tí wọ́n máa ń fi wáyà so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà gbogbo ará ilé á lè máa kó nǹkan sí, kí wọ́n sì máa kó o jáde. Òfìfo ni àpótí náà máa ń wá. Ẹni tó rà á ló ń yan díìsìkì tí yóò ki bọ inú rẹ̀. Áà, ìgbà yẹn ni Ojú-Abẹ́rẹ́ fi ara rẹ̀ hàn! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi yan díìsìkì. Ó ka ohun tí àwọn tó ti rà á sẹ́yìn kọ, àwọn tó ń yìn ín àtàwọn tó ń ṣẹ́ èpè. Ó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń pa lálaalẹ́, ó mọ èyí tó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ó mọ irú kan tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń kọ ìlà kan gun orí èkejì bíi páànù òrùlé, kí nǹkan púpọ̀ lè gbà sínú rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé bí èkejì rẹ̀ bá kú, tí wọ́n ní kó tún gbogbo nǹkan kọ, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́. Ó ní ìyẹn kò ní wọ ilé òun.

Méjì ló rà, kí ọ̀kan máa kọ ohun tí èkejì bá kọ. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rà wọ́n, kí wọ́n má baà jáde láti inú páálí kan náà, kí wọ́n má sì jọ dákú lọ́sẹ̀ kan náà. Ó tilẹ̀ mú awò tó ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá lọ́wọ́ lọ, ó ń fi wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe díìsìkì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tajà wò ó títí, ó ní, "Ẹ gbà mí o, ṣé díìsìkì lẹ fẹ́ rà ni àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́?"

"Ọkọ ò nira tó báyìí," ló dá a lóhùn, kò sì gbé ojú kúrò lára díìsìkì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ka irínwó gbólóhùn sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan. Lálẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò kó o sínú àpótí, yóò sì tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ́ gaara. Àmọ́ àpótí náà ń falẹ̀, ó sì sú u. Ó padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà, ọlọ́jà ní mẹ́mórì inú rẹ̀ ló kéré, pé àyè wà fún òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò gùn tó ìka jáde, àlòkù ni, kò ní páálí. "Mo ti dán an wò," ló wí. Ojú-Abẹ́rẹ́ sanwó, ó jù ú sínú báàgì, ó di ilé.

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan yan díìsìkì, ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún yan mẹ́mórì. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé àkọlé ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, pé inú lẹ́tà gàdàgbà iwájú ìwé ni àṣìṣe tó burú jù máa ń wà, torí pé gbogbo ojú ló ń sáré fò ó lọ wá àṣìṣe wẹ́wẹ́ inú ìwé.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì kìlọ̀ fún un o. Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé nítorí pé òun ni àbígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà Bàbá wọlé. Ìlú mìíràn ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí mẹ́mórì yẹn tó gba nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ó wà nínú àpótí yẹn, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ó fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin. Gbogbo nǹkan tó máa dé orí díìsìkì, inú mẹ́mórì ló máa gbà kọjá. Tí mẹ́mórì bá ń purọ́, díìsìkì méjèèjì á kọ irọ́ yẹn sílẹ̀ tọkàntọkàn."

Ẹ wo èsì tó fọ̀. "Ìwọ tí mo kọ́ ní A, B, D, ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ nǹkan wò?"

Kékeré rẹ́rìn-ín, ó tọrọ gáfárà, ó sì pa fóònù. Bàbá ti jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń dúró. Ojú-Abẹ́rẹ́ ki mẹ́mórì bọ inú ihò, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í yára bí àṣá, inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tẹ́tí sí gbólóhùn kankan mọ́. Ó kàn ń wo iná aláwọ̀ ewé méjèèjì tó ń tàn lára àpótí, ó sì ń sọ fún Bàbá pé, "Ó ti wọlé."

Bí Bàbá bá sì ti gbọ́ "ó ti wọlé" báyìí, yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kúrò pátápátá. Àṣà ibi iṣẹ́ ni. Nígbà kan rí, ẹnì kan kò nu kásẹ́ẹ̀tì àná kúrò ní ibùdókọ̀, ó di òwúrọ̀, ìkéde àná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, èrò rọ́ lọ sí pèpéle tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tiwọn sì gbéra lẹ́yìn wọn. Bàbá kò gbàgbé ọjọ́ náà rí. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti lò lónìí, kò gbọ́dọ̀ bá a dọ̀la.

Ẹgbẹ̀ta gbólóhùn ló kà lẹ́yìn tí mẹ́mórì yẹn wọ ilé. Nínú rẹ̀, ogóje péré ló yè.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Ojú-Abẹ́rẹ́ kò dúró kí wọ́n ṣíwọ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé ilé pe òun, ó sáré jáde, ó gbàgbé awò rẹ̀ sórí tábìlì.

Bàbá wà ní pálọ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ìwé pélébé àti bírò wà lórí itan rẹ̀. Láti Ọjọ́ Ajé ni dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, torí ọ̀fun ti wú, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ́ níbẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo aago, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: "O tètè dé."

"Iṣẹ́ ò pọ̀ lónìí, Bàbá," ló wí, ó sì wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà lọ.

Ó ṣí gbólóhùn kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fèrèsé..." Ohùn Bàbá já, ariwo kan fà kíìì, ó dákẹ́. Ó ṣí òmíràn. "Omi yìí ti..." Kíìì. Ó yọ díìsìkì kìíní, ó ní kí èkejì nìkan dá sọ tirẹ̀. Ibi kan náà ló ti já, ariwo kan náà ni. Díìsìkì méjèèjì tó fi awò yàn kò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Ohun tí wọ́n fún wọn ni wọ́n tọ́jú. Ó dá díìsìkì kìíní padà sáyè rẹ̀, ó pe Kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìdánwò tí mo sọ ńkọ́?"

Ó ń wo iná ara àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mi ò ṣe é."

Kékeré kò bú u. Bí ó bá bú u ni, ì bá sàn fún un. "Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ẹ má kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ ìdánwò yẹn báyìí, ká lè mọ̀."

Kò tó ìdajì wákàtí tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan, mẹ́ta, mọ́kànlá, ó ń pọ̀ sí i. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ló ń fa ìlà pupa sábẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ pa àpótí yẹn," ni Kékeré wí. "Ẹ yọ mẹ́mórì àlòkù yẹn. Ẹ rọra o, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó bá a wá."

Ó ṣí i. Mẹ́mórì méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọra bí ojú méjì. Ó tẹ àlòkù náà létí, ó dún pọ́, ó fò jáde. Ó dé àpótí padà, ó tan iná. Iná kìíní tàn. Ìkejì kò tàn. Kékeré ń bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Bí díìsìkì yẹn bá kú, kò ní sí ẹni tí yóò ṣọ́ èkejì, orí rẹ̀ nìkan sì ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì yẹn yóò kù sí nínú ilé. Ó ka ọgbọ̀n, ó ka àádọ́ta. Iná ìkejì ṣẹ́jú, ó di pupa rúsúrúsú, ó di àwọ̀ ewé.

"Ó ti tàn."

"Ọlọ́run ṣeun. Ó ku Bàbá báyìí."

Ó mọ̀ pé ó ku Bàbá. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kọ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Nígbà tó dé pálọ̀, ó kúnlẹ̀, gbogbo ohun tó kọ sì pòórá. "Bàbá, mo ti ba ohùn yín jẹ́. Mẹ́mórì tí mo rà ni. Kékeré ní kí n dán an wò, mo gbéra ga sí i. Ẹ̀yin ẹ ń kà, ọ̀fun ń dùn yín, mo ń sọ pé ó ti wọlé, kò wọlé, Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má..." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Bàbá wò ó. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó mú bírò, ó kọ̀wé, ó yí ìwé náà sí i.

"Pèpéle kelòó?"

Ó nu imú rẹ̀. "Ọgọ́ta, Bàbá. Ó ku ọgọ́ta gbólóhùn."

Bàbá mi orí. Ó tún kọ ọ́ pé: "Pe nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bẹ́ ní ọ̀fun bàbá àgbà ni? Ó ní kí wọ́n dúró kóun bi dókítà. Wákàtí kan kọjá kó tó pè padà. "Láàárọ̀ ọ̀la, ìdajì wákàtí péré. Ẹ fún un ní omi láàárín. Kò gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bó ṣe kékeré tó, ẹ dá a dúró, ẹ gbé e wá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?" Ojú-Abẹ́rẹ́ ní òun gbọ́.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n ti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n pa fáànù, wọ́n pa fìríìjì nítorí ariwo rẹ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń lọ síwájú ẹ̀rọ kì í wọ aṣọ ilé. Ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aago, àti bírò pupa, àti ìwé tí wọ́n to gbólóhùn ọgọ́ta sí. Ó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

"Bàtà mi dà?" ni Bàbá kà. Ohùn náà ti ha, àmọ́ òun ni. Ojú-Abẹ́rẹ́ fa ìlà kan. "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Ó fa ìkejì. "Ẹ gbé e síbẹ̀." "Oorun ń kùn mí." "Mi ò fẹ́ jẹun báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ tí èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ láìkà á kún ni wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Ní ìkejìlélógún, ó mu omi. Ní ìkẹtàdínlógójì, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó sì tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tọrọ àforíjì.

Ní ìkọkànlélógójì, ikọ́ dé. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó wú u lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká áńkáṣíìfù náà kíá, ó fẹ́ tì í bọ àpò.

"Ẹ jẹ́ n rí i, Bàbá."

Ó mi orí pé rárá, ó sì tọ́ka sí aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"Mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ tí mi ò bá rí i. Mo ti fi ojú fo nǹkan kan dá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé e wá."

Ó na ọwọ́. Bàbá wò ó títí, ó wá gbé e fún un. Ó tú u, ó wo ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé nítorí pé awò rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Funfun ni. Itọ́ lásán ni. Ó mí kanlẹ̀, ó dá a padà. "Ìkejìlélógójì," ló wí.

Ìkọkàndínlọ́gọ́ta ni "Ẹ ṣeun, ó ti tó." Ọgọ́ta ni "Ilẹ̀ ti mọ́." Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ojú-Abẹ́rẹ́ fa ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sókè pé ó ti pé.

Bàbá kò gbé ìwé náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó mu omi tó kù nínú ife. Ó wá yí ìwé náà dé, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ fún un, jẹ́jẹ́, láìkánjú: "Ẹni tó bá fẹ́ dágbére, kó dágbére báyìí o. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé bírò pupa sílẹ̀. "Ó dàbọ̀ o," ló wí níkẹyìn, bíi ti ọmọdé tó dúró lórí pèpéle.

Bàbá mi orí, ó fa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sọ́dọ̀, ìka rẹ̀ sì lọ sórí ohun tó fi ń nu nǹkan kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá!"

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì di ẹ̀rọ náà mú, wọ́n ń wo ìka yẹn. Bàbá wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni pé ti aládùúgbò ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì wà nínú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìgbé ohùn jáde, èjìká rẹ̀ ń mì, ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Lọ́jọ́ náà, ó tẹ́tí sí gbogbo ọgọ́ta. Lẹ́yìn tó kó wọn sínú àpótí, ó tún tẹ́tí sí wọn láti orí díìsìkì kìíní, ó tún tẹ́tí sí wọn láti orí ìkejì. Ó kó wọn sórí fóònù, ó kó wọn ránṣẹ́ sí Kékeré, ó yọ káàdì inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀wé pé ó pé. Gbólóhùn ìkọkànlélọ́gọ́ta, kò fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí nínú ohun tí wọ́n béèrè.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gbé e jáde láàyè.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà dé, pẹlẹbẹ bí ìwé ńlá. Kékeré wá láti ìlú tó ń gbé, ó tẹ orí ba wọlé. Bàbá gbé ẹ̀rọ lé itan, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá jáde, ó nípọn, kò kánjú: "Ta ló ta mẹ́mórì yẹn fún ọ?"

Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí àga mú. Ojú-Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi tẹ ti ibùdókọ̀ yẹn. Kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Bàbá wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. "Mo ti sọ ìyẹn fún ọ. Ọkọ̀ yẹn ti lọ."

Ó fẹ́ sọ pé ó yé òun, àmọ́ omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń nu ojú kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, nítorí ó mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ó gbọ́ bí ìka yẹn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ó ti ń ṣètò èsì.

"Sunkún ẹ dáadáa," ni ohùn Bàbá wí. "Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ báyìí."